JÌBÌTÌ WỌ ÌWÉ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ! Aláìsàn tí kò kà á rí ló ń jẹ ìyà rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lè kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé ni, kò kàn yín. Ẹ dákun, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ó kàn yín.

Ẹ wò ó báyìí. Orúnkún ń dun ìyá kan. Ó ti fi òrí pa á, ó ti mu àgbo, kò lọ. Ó bá gba ọsibítù lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ oògùn fún un. Ìyá dúpẹ́, ó ra oògùn, ó ń lò ó. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló sọ fún dókítà pé oògùn yẹn dáa? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ti tọ́ ọ wò ni? Rárá o. Ṣé òun ló pò ó? Rárá. Inú ìwé ló ti kà á. Dókítà gba ìwé gbọ́, ìyá gba dókítà gbọ́. Bí irọ́ bá wá wọ inú ìwé yẹn, ẹ̀yìn ìyá tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé kan wà níbì kan ni ẹgba máa balẹ̀ sí.

Ìwé ọ̀hún ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní jọ́nà. Kì í ṣe irú ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ mú dání yìí, kì í sì í ṣe ìwé tí ọmọ yín ń gbé lọ sí sùkúù. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá ṣe ìwádìí tán, ìbáà jẹ́ lórí oògùn, ìbáà jẹ́ lórí kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́, ìbáà jẹ́ lórí ìtàn ìlú, á kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí olóòtú jọ́nà. Bébà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olóòtú tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í kàn gbé bébà náà sáyé. Á fi ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta mìíràn tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà dáadáa, á ní kí wọ́n bá òun tú u wò. Àwọn yẹn á wá ibi tó kù sí. Wọ́n lè ní ìṣirò rẹ̀ kò pé. Wọ́n lè ní kó lọ tún un ṣe. Wọ́n sì lè ní kí olóòtú dà á nù pátápátá. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe iṣẹ́ yẹn o, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bébà tó bá là á já ni wọ́n máa ń tẹ̀ jáde.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní 1665 ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan tó ṣì ń jáde títí di òní. Ilẹ̀ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Odù, jọ́nà tó dá lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1955.

Ẹ̀yin télọ̀ àti mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé yín. Bí ọdún ọmọ iṣẹ́ bá pé, kì í ṣe òun ló máa kéde ara rẹ̀ pé òun ti di ọ̀gá. Ẹgbẹ́ á pé jọ, wọ́n á ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un, wọ́n á gbé sátífíkéètì lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí sátífíkéètì yẹn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á mọ̀ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ti yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ jọ́nà nìyẹn. Wàyí o, bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wá ń ta sátífíkéètì fún ẹnikẹ́ni tó bá mówó wá ńkọ́? Tàbí tí olówó kan bá tẹ sátífíkéètì tirẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó ní ẹgbẹ́ ló fún òun?

Méjèèjì ti ṣẹlẹ̀.

OÒGÙN LÀKÚRÈGBÉ TÓ Ń KỌLU ỌKÀN

Ní oṣù karùn-ún 1999, àjọ FDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe níbí, fọwọ́ sí oògùn kan ní Amẹ́ríkà. Vioxx lorúkọ rẹ̀. Kọ́ńpìnnì ńlá kan, Merck, ló ṣe é. Oògùn làkúrègbé àti ara ríro ni. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni pé kì í dá egbò sí inú ikùn bí àwọn oògùn ara ríro àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í lè lo àwọn oògùn yẹn láìjẹun. Nítorí náà, nígbà tí Vioxx dé, ṣe ni àwọn èèyàn ń dù ú.

Lóṣù kọkànlá 2000, bébà kan jáde lórí rẹ̀ nínú New England Journal of Medicine. Jọ́nà yìí kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé o. Ó wà lára àwọn tí àwọn dókítà bọ̀wọ̀ fún jù lọ láyé. Àwọn aláìsàn tó lé ní 8,000 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lo Vioxx, apá kejì ń lo naproxen, oògùn ara ríro tó ti wà tipẹ́. Bébà náà ní inú àwọn tó lo Vioxx kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọkàn ńkọ́? Nínú àwọn tó lo naproxen, èèyàn 4 ni àìsàn ọkàn òjijì kọlù. Nínú àwọn tó lo Vioxx, èèyàn 20 ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, 4 sí 20. Bébà tó jáde yẹn kò sì dé 20. Orí 17 ni wọ́n ti ṣe ìṣirò. Èèyàn 3 ti pòórá!

Àwọn 3 yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà lára wọn. Bébà ọ̀hún ní àwọn tí ọkàn wọn ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀ ni wàhálà náà bá, pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ní nǹkan kan kò ní í rí ìyàtọ̀. Àwọn 3 tí wọ́n yọ kúrò kò sí lára àwọn ọlọ́kàn àìsàn tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kà wọ́n mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn á wó lulẹ̀.

Àlàyé wo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe lórí 17 tí wọ́n kọ? Wọn kò ní Vioxx ń ṣe ọkàn níbi o. Wọ́n ní bóyá naproxen ló ń dáàbò bo ọkàn! Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ dá mi lóhùn. Bí inú bá ń run àwọn oníbàárà yín lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹja yín, ṣé ẹ lè sọ pé ẹja yín kò bàjẹ́, pé ẹja ẹni tẹ́ ẹ jọ ń pàtẹ ló ń ṣe ara lóore jù? Ta ló máa gbà fún yín? Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ ọ́, jọ́nà sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí bébà yẹn jáde tán, ọjà bẹ̀rẹ̀. Jọ́nà máa ń ta ẹ̀dà bébà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀dà bébà Vioxx yìí tí jọ́nà náà tà lé ní 900,000, Merck ló sì ra èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ń polówó oògùn gbé e lọ bá àwọn dókítà. Dókítà wo ló máa rí bébà tó ní òǹtẹ̀ jọ́nà ńlá lórí tó máa ní òun kò gbà? Ní 2003 nìkan, owó tí Vioxx pa wọlé lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 80 ni wọ́n ti tà á.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2004 ni Merck fúnra rẹ̀ kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ, lẹ́yìn tí ìwádìí mìíràn fi hàn pé àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ lára àwọn tó lò ó ju oṣù 18 lọ. Ní Amẹ́ríkà nìkan, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 ló ti lò ó kó tó dìgbà yẹn. Lóṣù kọkànlá ọdún náà, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní FDA, David Graham, dúró níwájú àwọn aṣòfin àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní ìṣirò òun fi hàn pé láàárín 88,000 sí 139,000 ará Amẹ́ríkà ni oògùn yìí ti fa àìsàn ọkàn fún, àti pé ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ti kú. Ìyá ọlọ́mọ wà níbẹ̀, bàbá àgbà wà níbẹ̀. Orúnkún ló ń dùn wọ́n.

Ìgbà wo ni jọ́nà wá sọ̀rọ̀? Oṣù kejìlá 2005! Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí bébà ti jáde, ó ti lé ní ọdún kan tí oògùn ti kúrò lórí àtẹ. Ìgbà náà ni àwọn olóòtú kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ àwọn 3 yẹn ń kọ àwọn lóminú, pé ó kéré tán méjì nínú àwọn tó kọ bébà ti mọ̀ nípa wọn ní oṣù mẹ́rin ààbọ̀ kí bébà tó jáde. Kí n má ṣe ojúsàájú, Merck fèsì. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ti dá pé ìṣirò máa parí ti kọjá kí àìsàn tó kọlu àwọn 3 náà, ìdí nìyẹn tí àwọn kò fi kà wọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé ni kẹ́ ẹ ṣèdájọ́. Ní tèmi o, ẹni tó mọ̀ pé ilé ń jó, tó ní aago méjì ni òun ti pa ìwé dé, nítorí náà òun kò ní í kọ ti iná tó jó ní aago mẹ́ta, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.

Lóṣù kọkànlá 2007, Merck gbà láti san bílíọ̀nù 4.85 dọ́là láti fi parí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹjọ́ tí àwọn tó lo oògùn náà àti àwọn ẹbí wọn pè. Kọ́ńpìnnì náà kò gbà pé òun jẹ̀bi.

JỌ́NÀ TÍ KÌ Í ṢE JỌ́NÀ

Ẹ rò pé ó tán? Kò tán. Ẹjọ́ máa ń tú àṣírí. Nígbà tí àwọn lọ́yà gba àwọn ìwé inú ọ́fíìsì Merck síta ní kóòtù, àwọn ọ̀mọ̀wé kan jókòó tì í, wọ́n kà á, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé nínú àwọn bébà kan lórí Vioxx, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì tàbí àwọn tí wọ́n háyà ló jókòó kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ síwájú. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó se ọbẹ̀ sá pamọ́ sí kíṣìnnì, ẹni tí kò fọwọ́ kan ìkòkò ló ń jókòó gba oríyìn.

Ti 2009 ló wá burú jù. Ní kóòtù kan ní Melbourne, Ọsirélíà, ọkùnrin kan pe Merck lẹ́jọ́, ó ní Vioxx ló jẹ́ kí ọkàn kọlu òun. Inú ẹjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti gbọ́ nípa ìwé kan tó ń jẹ́ Australasian Journal of Bone and Joint Medicine. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa ní jọ́nà ni. Ó ní orúkọ jọ́nà, ó ní ìrísí jọ́nà, ilé iṣẹ́ Elsevier, tó wà lára àwọn tó ń tẹ jọ́nà jù láyé, ló gbé e jáde. Àmọ́ Merck ló ń sanwó rẹ̀! Kò sí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń tú nǹkan kan wò. Wọ́n sì kó o fún àwọn dókítà ilẹ̀ Ọsirélíà láìkọ ọ́ síbi kankan pé oníṣòwò oògùn ló wà nídìí rẹ̀. Nínú ẹ̀dà kan, nínú bébà 29, 9 ló ń yin Vioxx, 12 mìíràn ń yin Fosamax, oògùn egungun tí Merck kan náà ń tà.

Elsevier gbà nígbà tó yá pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni ọ́fíìsì àwọn ní Ọsirélíà ti gbé jáde láàárín 2000 sí 2005 tí àwọn oníṣòwò oògùn sanwó fún. Wọ́n ní ó dun àwọn, kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Èmi oníwèé mẹ́wàá yìí, nígbà tí mo ka èyí, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Bí oníbàárà bá mú un ní ọjà gàrí wa, ẹ mọ ohun tí ìyálọ́jà máa ṣe fún ẹni tó ni ín. Wọ́n á gba kóńgò, wọ́n á gba owó ìtanràn, ó sì lè pẹ́ kó tó tún pàtẹ níbẹ̀. Wọ́n tẹ ìdí kóńgò àwọn dókítà wọlé, “ó dun wá” ni wọ́n rí sọ.

ẸNI TÍ WỌ́N Ń YẸ̀ WÒ LÓ Ń SANWÓ

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ka jọ́nà ló ń ra jọ́nà. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn kan tó ní ọkàn rere ní kò dáa bẹ́ẹ̀, pé yunifásítì tí kò lówó, pàápàá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kò lè ra jọ́nà olówó ńlá. Wọ́n ní kí kíkà rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kí ẹni tó kọ bébà máa san owó ìtẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dáa lẹ́nu, àwọn olóòótọ́ sì wà tí wọ́n ń ṣe é bó ṣe yẹ títí di òní. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn ṣí sí. Bí jọ́nà bá kọ bébà, kò rí kọ́bọ̀. Bó bá gbà á, owó wọlé. Ta ni kò mọ ohun tí ẹni tí ebi owó ń pa máa ṣe?

Bó ṣe di pé àwọn kan ṣí ìsọ̀ òǹtẹ̀ nìyẹn. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, orúkọ ńlá kan tó jọ ti jọ́nà àtàtà, ó parí. Wọ́n á máa kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ yunifásítì kiri ayé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtàkì, ẹ fi iṣẹ́ takuntakun yín ránṣẹ́ sí wa.” Àwọn olùṣèwádìí méjì ní Finland ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní irú bébà bẹ́ẹ̀ jẹ́ bíi 53,000 ní 2010, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di 2014, ó ti tó 420,000. Wọ́n ní owó tí wọ́n ń gbà lórí bébà kan máa ń tó 178 dọ́là, tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a pín in dọ́gba.

Akọ̀ròyìn kan ní Amẹ́ríkà, John Bohannon, ní òun máa dán wọn wò. Akọ̀ròyìn bíi tèmi ni, òun kàn kàwé jù mí lọ ni. Ó jókòó, ó fi irọ́ kọ bébà. Ó ní òun rí nǹkan kan lára ohun tó máa ń hù sára òkúta àti èèpo igi, pé ó ń pa jẹjẹrẹ. Ó fi orúkọ èké sí i, ó ní ọ̀mọ̀wé kan ní Asmara ní Eritrea ló kọ ọ́. Kò sí ẹni náà, kò sí ilé ìwádìí náà.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ náà jẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni tó bá là á wò fi gbọ́dọ̀ rí i. Ẹ wo ọ̀kan nínú rẹ̀. Inú ọtí líle ló ní àwọn po oògùn yẹn mọ́ kí wọ́n tó dà á lé jẹjẹrẹ lórí. Àwọn tí wọn kò fún ní oògùn, tí wọ́n fẹ́ fi wé e, wọn kò da ọtí kankan sí wọn. Ẹ̀yin onípáràgà, ẹ bá mi dá sí i. Bí nǹkan bá kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ da ọtí líle sí i, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọtí ló pa á?

Jọ́nà 304 ni Bohannon fi bébà yìí ránṣẹ́ sí. Jọ́nà 157 gbà á! Jọ́nà 98 kọ̀ ọ́. Àwọn ìyókù kò tíì fèsì, tàbí kí wọ́n ti kógbá sílé, nígbà tó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde nínú Science lóṣù kẹwàá 2013. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń ṣeré lórí rẹ̀ yẹn o. Èèyàn tí jẹjẹrẹ ń bá jà lè ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn ará Poland pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò ni. Ní 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀ dá obìnrin kan tí kò sí láyé sílẹ̀, wọ́n ní Anna Szust lorúkọ rẹ̀. Oszust ní èdè wọn, oníjìbìtì ni. Wọ́n fi oyè èké fún un, wọ́n fi ìwé tí kò kọ rí sí orúkọ rẹ̀, wọ́n wá kọ̀wé sí jọ́nà 360 pé ó fẹ́ di olóòtú. Jọ́nà 48 gbà á. Mẹ́rin nínú wọn tilẹ̀ sọ ọ́ di olóòtú àgbà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rí yín.” Nígbà tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ ní 2017, orúkọ Anna ṣì wà lára ojú ewé àwọn jọ́nà kan.

Ìjọba Amẹ́ríkà náà dìde sí ọ̀kan. Àjọ FTC, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé ilé iṣẹ́ OMICS ti Hyderabad ní Íńdíà lọ sí kóòtù ní 2016. FTC ní wọ́n ń parọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé pé wọ́n á tú bébà wọn wò, wọ́n ń fi orúkọ àwọn èèyàn tí kò mọ nǹkan kan sí ara olóòtú, wọn kì í sì í dárúkọ owó títí wọ́n á fi ní àwọn ti gba bébà. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe mọ́, wọn kì í jẹ́ kó gbà á padà. Ẹ mọ irú ọkọ̀ yẹn, èyí tí kò ní í sọ iye tẹ́ ẹ máa san títí ẹ máa fi dé àárín igbó. Lóṣù kẹta 2019, adájọ́ ní kí wọ́n san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là.

Ẹ má rò pé àwọn onísọ̀ kékeré nìkan ni. Wiley, ilé iṣẹ́ ńlá tó ti pẹ́, ra Hindawi ní 2021. Nígbà tó máa fi di 2023, wọ́n ní láti fagi lé bébà tó lé ní 8,000 nínú àwọn jọ́nà Hindawi. Àwọn kan ló ti jókòó sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ṣe bébà bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí i.

NÍLÉ WA NÍBÍ ŃKỌ́?

Mi ò lè pa á mọ́. Ìwádìí kan jáde ní 2015 tó wo irú àwọn tó ń kó bébà lọ sí jọ́nà onísọ̀ yìí. Ó ní púpọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì nírìírí, orúkọ Nàìjíríà sì hàn gedegbe níbẹ̀ pẹ̀lú Íńdíà àti Pakistan.

Kí ló fà á? Ní yunifásítì wa, olùkọ́ kì í gòkè láìní bébà. Wọ́n á kà á, mélòó lo ní? Olùkọ́ kan lè fi ọdún méjì wà nínú oko àwọn àgbẹ̀, kó máa wọn ìbàjẹ́ ẹ̀gẹ́, kó wá rí bébà kan ṣoṣo kọ. Ẹnìkejì rẹ̀ jókòó sílé, ó ra márùn-ún. Ọjọ́ ìgbéga dé, ta ló máa kọ́kọ́ gòkè? Mo mọ̀ pé àwọn kan kò mọ̀, wọ́n ṣì wọ̀ ọ́ ni, àánú wọn ṣe mí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rà á, olè ni lójú tèmi, bó ti wù kí agbádá oyè rẹ̀ gùn tó. Owó iléèwé tẹ́ ẹ ń tu jọ lórí ata àti tòmátì, òun ló ń jókòó gbà á, tó ní òun ń kọ́ ọmọ yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bú gbogbo jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 1998 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní African Journals Online ti ń kó jọ́nà àwọn ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ayé lè rí wọn kà, ti Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí jọ́nà ti wá kọ́ ló ń bà á jẹ́. Ẹ rántí pé Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ni ìtàn Vioxx fi ṣe ilé. Kò sí olùkọ́ Nàìjíríà kankan níbẹ̀.

Bí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì, tàbí àbúrò yín tó ti di olùkọ́ níbẹ̀, bá wá bá yín pé òun fẹ́ yá owó, pé jọ́nà kan lókè òkun ti gba bébà òun, ẹ má tíì tú ìdí ìró. Ẹ bi í, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò? Bó bá ní ọjọ́ méjì, ẹ káwọ́ dúró. Ẹ bi í, kí ni wọ́n ní kó tún ṣe? Bó bá ní wọn kò bá òun wí rárá, pé ṣe ni wọ́n ń yìn ín, ẹ tún káwọ́ dúró. Ẹ bi í, ìgbà wo ni wọ́n dárúkọ owó, ṣé kó tó fi ránṣẹ́ ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán? Kẹ́ ẹ wá ní kó wá orúkọ olóòtú kan lára ìwé yẹn, kó kọ̀wé sí ẹni náà ní yunifásítì tí wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́, kó bi í bóyá ó mọ̀ pé òun ni olóòtú.